Lẹ́yìn "a dúpẹ́": Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àlàáfíà àwọn àgbàlagbà?

Bí ènìyàn bá kí ìyá àgbà kan ní òwúrọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa ni ẹ jí?", ìdáhùn tí yóò gbọ́ kò ṣòro láti mọ̀: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó lè jẹ́ pé ìyá náà kò fojú kan oorun mọ́jú. Ó lè jẹ́ pé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti papòdà, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ọpẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé àgbà kì í tú ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá kí i.

Ibi tí ìkíni parí sí ni iṣẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ wà tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. A lè gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn láti mọ iye ṣúgà tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán ọpọlọ tí dókítà lè nawọ́ sí pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìyí. Ìbéèrè ni irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, ìdáhùn ẹni tí a bi sì ni òṣùwọ̀n. Ìbéèrè tí a kò bá gbé kalẹ̀ dáadáa lè dá aláìsàn padà sílé pé kò sí ohun tó ń ṣe é. Ó sì tún lè sọ ẹni tí làkúrègbé lásán ń dà láàmú di ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan. Àìsàn ni. Inú ènìyàn yóò máa bàjẹ́, tàbí kí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ ọn mọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, pẹ̀lú àwọn àmì mìíràn bí àìróorunsùn, àìlèjẹun, àárẹ̀, àìlèpọkànpọ̀, dídá ara ẹni lẹ́bi láìnídìí àti èrò ikú.

Ìwádìí méjì, iye méjì tó jìnnà síra

Ní ọdún 2007, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Fásitì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ibadan Study of Ageing ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n lọ bá àwọn àgbàlagbà 2,152 nílé wọn, àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì, Kwara àti Kogí. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó lágbára ti ṣe rí láyé wọn, ó sì ṣe ìdá 7.1 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù 12 tó ṣáájú ìbéèrè náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Gureje yìí kan náà ni ó ṣáájú ìwádìí mìíràn tí ó fẹ̀ ju èyí lọ, tí ó kan gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 18, ní ìpínlẹ̀ 21 nínú 36 tí ó wà ní Nàìjíríà. Ènìyàn 6,752 ni wọ́n bi ní ìbéèrè. Àbájáde rẹ̀ lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jáde ní ọdún 2010: ìdá 3.1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ṣe rí láyé wọn, ìdá 1.1 sì ni ti oṣù 12.

Láti 3 sí 26 kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Kì í sì í ṣe pé ẹnì kan purọ́. Àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ nínú ìwádìí ti gbogbo orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà ni ó ti sin ọkọ, aya, ọmọ ìyá àti ọ̀rẹ́. Àgbàlagbà náà ni àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra, tí agbára àtiṣiṣẹ́ sì ti dínkù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lo iye méjèèjì gbọ́dọ̀ tún wo bí a ṣe bèèrè. CIDI ni ìwé ìbéèrè tí wọ́n lò, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe fún irú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé. Bí wọ́n ṣe tò ó ni pé àwọn ìbéèrè díẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dà bí ilẹ̀kùn: ǹjẹ́ ìgbà kan wà rí tí inú yín bàjẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀? Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí nǹkan kò wù yín mọ́? Ẹni tó bá dáhùn "rárá" sí gbogbo wọn, ilẹ̀kùn ti sé mọ́ ọn. A kò ní bi í ní ìyókù. Ní ilẹ̀ tí "a dúpẹ́" ti jẹ́ ìdáhùn àkọ́kọ́ sí gbogbo ìbéèrè nípa ìgbésí ayé, kò ṣòro láti rí bí ilẹ̀kùn náà ṣe lè sé mọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó wọlé.

Ìwádìí ti àwọn àgbàlagbà tún fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàárín obìnrin ju ọkùnrin lọ, àti pé bí ibi tí ènìyàn ń gbé bá ṣe jẹ́ ìlú ńlá tó ni ó ṣe ń pọ̀ sí i. Èyí tako èrò àwọn tó gbà pé inú ìyà abúlé nìkan ni ìbànújẹ́ arúgbó ń gbé.

Ìbéèrè tí wọ́n ṣe nítorí arúgbó

Títí di nǹkan bí ọdún 1980, ìwé ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò tíì darúgbó ni àwọn dókítà ń lò fún arúgbó pẹ̀lú. Ìṣòro ibẹ̀ kò fara sin. Àwọn ìwé náà ń bèèrè nípa oorun, oúnjẹ, àárẹ̀ àti ìrora. Bàbá ẹni ọdún 75 tí ó ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru nítorí ìtọ̀ yóò sọ pé òun kì í sùn dáadáa. Òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn.

Èyí ni ó mú kí Jerome Yesavage ti Fásitì Stanford ní ìpínlẹ̀ California, T. L. Brink àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe òṣùwọ̀n tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Geriatric Depression Scale ni orúkọ rẹ̀. GDS ni a ń pè é ní kúkúrú. Ìbéèrè 100 ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ. Wọ́n bi àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá àti àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, wọ́n sì yan 30 tí ó fi ìyàtọ̀ àárín wọn hàn jù lọ. Nígbà tí wọ́n ṣà á tán, ìbéèrè nípa oorun, oúnjẹ àti ìrora ti bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Bóyá ayé ènìyàn tẹ́ ẹ lọ́rùn, bóyá ó ti pa ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ tì, bóyá ó rò pé òun kò wúlò mọ́: irú èyí ni ó kù. Ní ọdún 1986, Javaid Sheikh àti Yesavage gé e kúrú sí ìbéèrè 15, èyí tí a lè parí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje.

"Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni ìdáhùn, kò sí ìkẹta. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àgbàlagbà kì í gbádùn kí a máa bi í bóyá ohun kan ń ṣe é "díẹ̀", "níwọ̀nba" tàbí "gan-an". Ní ti ìbéèrè 15, máàkì 0 sí 4 kò fa àníyàn. 5 sí 8 ń tọ́ka sí ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò le. 9 sí 11 sí èyí tó wà láàárín. 12 sí 15 sí èyí tó le. Ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan kọ́bọ̀, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ó tàn ká ayé.

Òṣùwọ̀n mìíràn tí ilé ìwòsàn púpọ̀ ń lò ni PHQ-9, tí Kurt Kroenke, Robert Spitzer àti Janet Williams gbé jáde ní ọdún 2001. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3. Máàkì 10 sókè ni ó máa ń mú kí dókítà túbọ̀ wádìí. Òun kò yọ oorun àti oúnjẹ kúrò. Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ni wọ́n dán an wò lára wọn. Ọmọ ogún ọdún àti arúgbó àádọ́rin ọdún kì í sùn bákan náà, wọn kì í jẹun bákan náà. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń lo máàkì kan fún àwọn méjèèjì rántí èyí.

Nígbà tí ara bá ń sọ̀rọ̀ fún ọkàn

Bí GDS ṣe yọ ọ̀rọ̀ ara kúrò bọ́gbọ́n mu ní California. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀, nítorí pé ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí fi ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Peter Ebigbo, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Enugu, kíyè sí èyí dáadáa. Ní ọdún 1982, ó tẹ òṣùwọ̀n kan jáde tí ó gbé ka àwọn ẹ̀dùn tí àwọn aláìsàn ọkàn ní Nàìjíríà máa ń sọ fún dókítà: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí, ara ń ta bí ẹni pé a fi ata pa á, àyà ń já. Ẹni tó bá lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ báyìí, oògùn ibà ni wọ́n máa ń kọ fún un. Bí kò bá lọ, a ṣe àyẹ̀wò. Bí àyẹ̀wò kò bá rí nǹkan kan, a ní kí ó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tí kò dùn. Ní ọdún 1953, WHO tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers kọ, dókítà ìjọba amúnisìn tó ṣiṣẹ́ ní Kenya. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, ó sì so ó mọ́ bí ó ṣe rò pé ọpọlọ àti ìwà wọn rí. Àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn rẹ̀ ni ó kà. Àwọn tó ń ba inú jẹ́ nílé kò sí nínú ìṣirò. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Adeoye Lambo, ẹni tó darí ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, Alexander Leighton láti Fásitì Cornell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwé jáde lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú àti abúlé agbègbè Abẹ́òkúta. Wọn kò rí orúkọ kan ṣoṣo tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe àìsàn yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bèèrè àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn mọ̀ wọ́n dáadáa.

Nítorí náà, àìsí orúkọ kì í ṣe àìsí àìsàn. "Àròkàn" wà. "Ìrònú" wà. Ọ̀rọ̀ náà "ọkàn mi ò lélẹ̀" wà, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ ní Ìbàdàn tàbí ní Kétu tí yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ìtumọ̀ ti ń ta kókó

Àṣà àwọn olùwádìí ni pé ẹnì kan yóò tú ìwé ìbéèrè sí èdè ìbílẹ̀, ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ yóò tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò wá fi méjèèjì wé ara wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í mú gbogbo àṣìṣe.

Ẹ wo CES-D, ìwé ìbéèrè 20 tí Lenore Radloff gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1977. Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn rẹ̀ lo orúkọ àwọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe ìbànújẹ́. Bí a bá tú u ní ṣáńṣán, aṣọ aláró ni ẹni tí a ń bi yóò máa rò.

Èyí rọrùn láti rí. Èyí tí ó tẹ̀ lé e kò rọrùn. GDS ń wádìí bóyá ènìyàn rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò lè ta pútú sí ohun tó dé bá a. Bí a bá sọ ọ́ di "Ṣé ẹ rò pé ẹ kò ní olùrànlọ́wọ́?", ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́fà yóò gbà pé wọ́n ń bú àwọn ọmọ òun. Onígbàgbọ́ yóò dáhùn pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ òun. Kò sí ẹni tí yóò sọ ohun tí ìbéèrè ń wá. Àfi kí a bèèrè bóyá ó ń ṣe wọ́n bíi pé agbára wọn kò ká ohunkóhun mọ́.

Ìbéèrè tí "kò" bá wà nínú rẹ̀ tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Bí a bá bi Gẹ̀ẹ́sì bóyá kò ní okun, tí kò sì ní, "rárá" ni yóò sọ. Yorùbá yóò sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní." Ẹni tó ń fi bírò sàmì sínú àpótí kékeré, tí kò dúró gbọ́ ìparí gbólóhùn náà, lè kọ òdìkejì ohun tí àgbà sọ.

Ìgbà mìíràn, ìtumọ̀ lè péye kí àṣà má bá a mu. GDS ka fífẹ́ràn láti jókòó sílé dípò kí ènìyàn jáde lọ ṣe ohun tuntun sí àmì ìrẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó jẹ́ olórí ẹbí, ilé ni wọ́n ti ń wá bá a. Ìjókòó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ipò ni. Obìnrin ilé ẹ̀hà ní Kánò kì í jáde káàkiri, kò sì túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Òṣùwọ̀n náà tún ń bèèrè bóyá ènìyàn rò pé àwọn ẹlòmíràn sàn ju òun lọ. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jáde láti oṣù mélòó kan yóò dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", a ó sì fún un ní máàkì kan lórí ohun tí ó jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé.

Ọ̀rọ̀ ikú ló gba sùúrù jù. Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú PHQ-9 ń wádìí bóyá ènìyàn ti rò pé ó sàn kí òun kú, tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Àgbàlagbà púpọ̀ máa ń sọ pé àwọn ti ṣetán, ilé ń pe àwọn. Ẹni tó sọ èyí pẹ̀lú ẹ̀rín, tó ń pín ogún rẹ̀, tó ń dárúkọ ẹni tí yóò wọ aṣọ òun, lè wà ní àlàáfíà ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó sọ ọ́ lẹ́yìn tí ó ti dẹ́kun oúnjẹ àti oògùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. GDS kò ní ìbéèrè kankan tó bèèrè tààrà nípa gbígba ẹ̀mí ara ẹni. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè.

Ta ni ó ń bèèrè, ta ni ó sì jókòó tì wọ́n?

Wọ́n ṣe GDS kí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un. Níbi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò ti kàwé, tí ojú àwọn tó kàwé pàápàá ti ń ṣe bàìbàì, kíkà sókè ni ó kù. Bí a bá ti ń kà á sókè, ó ti di ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ẹni tó ń bèèrè sì ti di ara òṣùwọ̀n. Ọmọdé kan tó dé láti ìlú ńlá, tó ní ìwé lọ́wọ́, tó ń bi àgbà bóyá inú rẹ̀ ń dùn, kò ní gbọ́ ju ọpẹ́ lọ. Bí ìyàwó ọmọ bá jókòó tì wọ́n, ìyá kò ní sọ pé wọ́n pa òun tì. Bí etí rẹ̀ bá ti wúwo, yóò máa mi orí sí gbogbo ìbéèrè; ẹni tó bá ń yára yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí "bẹ́ẹ̀ ni".

Ọjọ́ orí pàápàá kò rọrùn láti mọ̀. Nígbà tí Fásitì Ìbàdàn àti Fásitì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn lórí àìsàn ìgbàgbé ní ọdún 1992, tí wọ́n ń fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú tí àwọn àgbà rántí ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí àwọn tí kò ní ìwé ìbí. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú iṣẹ́ náà tó wúlò níhìn-ín: wọn kò bi àgbàlagbà nìkan, wọ́n tún bi ìbátan tó ń bá a gbé.

Ìrẹ̀wẹ̀sì lè fara jọ àìsàn ìgbàgbé, nítorí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo kì í lè pọkàn pọ̀. Àwọn méjèèjì tún lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo, kí ó má sì lè rántí bí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe rí fún un. George Alexopoulos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Cornell ṣe òṣùwọ̀n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1988. Olùtọ́jú ni a máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wo aláìsàn fúnra rẹ̀.

Ní Harare, olú ìlú Zimbabwe, wọ́n yí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bèèrè padà pátápátá. Dókítà Dixon Chibanda ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Friendship Bench ní ọdún 2006: àwọn ìyá àgbà àdúgbò ni ó kọ́, wọ́n sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó bá wá. Ìbéèrè 14 tí a kọ ní èdè Shona ni wọ́n ń lò, ọ̀rọ̀ "kufungisisa", ìyẹn ríronú jù, sì ni ó wà láàárín rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 573 ní ilé ìwòsàn 24, tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn JAMA ní ọdún 2016, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìpíndọ́gba máàkì àwọn tó bá ìyá àgbà jókòó jẹ́ 3.81, nígbà tí ti àwọn tó gba ìtọ́jú lásán jẹ́ 8.90. Àwọn tí kò tíì darúgbó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tó gba ìtọ́jú náà. Arúgbó ni àwọn tó ń bèèrè. Kò sí ìdí tí ìyá kan kò fi ní lè bi ẹgbẹ́ rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Kumasi.

Àlàáfíà ju àìsí ìrẹ̀wẹ̀sì lọ

Ẹni tí kò sí nínú ìrẹ̀wẹ̀sì lè má sí ní àlàáfíà. Nítorí èyí, àwọn onímọ̀ ṣe òṣùwọ̀n mìíràn tí kò bèèrè nípa àìsàn rárá. WHO-5, tí ó jáde ní ọdún 1998, ní gbólóhùn márùn-ún péré. Ó ń wádìí bóyá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, inú ènìyàn dùn, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní okun, ó sinmi dáadáa nígbà tí ó jí, ọjọ́ rẹ̀ sì kún fún ohun tó wù ú. A ó sọ àròpọ̀ di púpọ̀ nígbà mẹ́rin kí ó lè jẹ́ 100. Bí ó bá dín sí 50, ó yẹ kí a wádìí ìrẹ̀wẹ̀sì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò ti àgbà lójú láti dáhùn.

CASP-19, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì jáde ní ọdún 2003, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń bèèrè bóyá àgbàlagbà ń darí ayé ara rẹ̀, bóyá ó lè ṣe ohun tó bá fẹ́ láìsí pé ẹnì kan ń dí i lọ́wọ́. Níbi tí ènìyàn ti ń dàgbà sáàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ìpinnu tí wọ́n fikùn lukùn ṣe lè dùn mọ́ ọn ju èyí tó dá ṣe lọ, máàkì rẹ̀ yóò sì kéré láìsí pé ó jìyà.

Ọ̀nà tí ó sún mọ́ wa jù ni èyí tí wọ́n lò ní Ghana. Ghana wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí WHO ti ṣe ìwádìí SAGE lórí ìdàgbà àti ìlera, pẹ̀lú South Africa, China, India, Mexico àti Rọ́ṣíà. Yàtọ̀ sí bíbéèrè bóyá ayé tẹ́ ènìyàn lọ́rùn, wọ́n lo ẹ̀dà kúkúrú ọ̀nà kan tí Daniel Kahneman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2004. Wọ́n ń ní kí ènìyàn ro àná padà: kí ni ẹ ṣe, ta ni ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀, báwo ni ara ṣe rí yín nígbà náà? Àgbà tí yóò sọ "a dúpẹ́" sí ìbéèrè nípa gbogbo ayé rẹ̀ kò ní ìdí láti fi pamọ́ pé òun nìkan jẹun ọ̀sán, àti pé láti ìgbà náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀.

Ìwádìí ti Ìbàdàn kò jìnnà sí èyí. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó ń mú kí ayé dùn mọ́ àwọn àgbàlagbà, ìlera ara ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́, àti kíkópa nínú ohun tó ń lọ láwùjọ, hàn gbangba gbàǹgbà láàárín wọn. Fún ilé tí gbogbo ọmọ ti kọjá sí òkè òkun, tí owó ń wọlé lóṣooṣù ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kò wọlé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọfẹ̀yìntì.

Lẹ́yìn tí máàkì bá jáde

Máàkì 9 lórí GDS kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ó ń sọ pé kí a jókòó ti ẹni yìí. Dókítà yóò wo oògùn tó ń lò, nítorí pé àwọn oògùn kan lè mú ọkàn wúwo. Yóò wo ẹ̀jẹ̀ àti ẹṣẹ́ ọrùn tí a ń pè ní tàírọ́ọ̀dù, yóò wo etí àti ojú, yóò sì bèèrè ẹni tó kú láìpẹ́. Ní ìlú Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí ó jẹ́ ti ilé ìwòsàn UCH ti wà láti ọdún 2012. Ibi tí kò sí irú rẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. WHO ti ní ìwé ìtọ́sọ́nà mhGAP láti ọdún 2010 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, tí ó gba ipò òfin ọdún 1958 tí ó ń pe àwọn aláìsàn ní wèrè.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe é tọ́jú ní ọjọ́ orí èyíkéyìí, yálà pẹ̀lú ìjíròrò tó létò, oògùn, tàbí méjèèjì. Ìgbà yìí ni òṣùwọ̀n tún máa ń wúlò, bóyá ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ pàápàá. Bí PHQ-9 ìyá kan bá jẹ́ 16 ní ọjọ́ tí ó wá, tí ó sì jẹ́ 8 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn dókítà gbà pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ó ti dínkù sí ìdajì. Bí ó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ 5, wọ́n gbà pé àìsàn náà ti lọ sílẹ̀. Bí ó bá dúró sí 16, wọn yóò yí ìtọ́jú padà, bí ìyá náà tilẹ̀ ń sọ ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé pé, "A dúpẹ́, dókítà."